Irin Méje Tí Mo Gbẹ́ Lẹ́yìn

Bí ọmọbìnrin mi bá wọlé, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó wo ojú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí mò ń sọ yìí. Olùkọ́ kan nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló fi gọ́ọ̀fù hàn án. Bàbá àgbàlagbà kan ní Arepo, tó ti fẹ̀yìn tì, wá fún un ní irin méje, ìyẹn ọ̀pá olórí irin tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù, tó ti ń lò láti ìgbà èwe rẹ̀.

Àwọn irin náà lẹ́wà. Bí o bá dúró tì wọ́n tí o wolẹ̀, etí òkè orí wọn tín-ín-rín bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n àárín gan-an ni irin bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù. Bí ó bá ṣìnà díẹ̀, orí irin á yí, á gbọ̀n, ìgbọ̀n náà á sì gba ọ̀pá rẹ̀ wọ ọwọ́. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ọmọ mi wú débi pé kò lè di kálàmù mú.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n yan àwọn ọ̀dọ́ tí yóò gbá gọ́ọ̀fù fún ìpínlẹ̀ wa. Mo ní kó má lọ. Ó sunkún. Mo ní kí a wá irin tòde òní nígbà náà, èyí tí orí rẹ̀ ki, tí kì í gbọn ọwọ́.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Tí mo bá wolẹ̀ tí mo rí nǹkan tó dà bí ọkọ́, ẹ̀rù á bà mí. Mi ò ní lè gbá a."

Wẹ́dà ni mí ní Mowe. Mo rò pé mo lè fún un ní méjèèjì: etí tín-ín-rín tó fẹ́ràn, àti irin tí kì í gbọn ọwọ́. Mo fi gíráńdà gbẹ́ ẹ̀yìn orí irin kọ̀ọ̀kan bí abọ́ pẹrẹsẹ, n kò fọwọ́ kan etí òkè. Mo wọ̀n ọ́n kí n tó gbẹ́ ẹ, mo tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Iye gíráàmù tó dín ni mo fi irin mìíràn jó padà mọ́ ìsàlẹ̀, níbi tí ẹni tó dúró kò ti ní rí i, kí orí irin má bàa tètè yí bí bọ́ọ̀lù bá ṣìnà.

Mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ń wò mí. "Àwọn olówó ń fi irin lé ẹyin kiri pápá, ẹ̀yin náà ń bá wọn pọ́n irin! Ẹyin ọ̀hún ò sì ní pa láéláé o!"

Mo rẹ́rìn-ín, mo tún irin wọ̀n.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìfọ̀ ti rọ àdá kó tó di wẹ́dà. Ó máa ń sọ pé ẹ̀bá èèkù ni kí ìwúwo àdá wà, kí ọwọ́ má bàa tètè rẹ àgbẹ̀. Ohun tí mo tẹ̀ lé nìyẹn. Mo kó ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwúwo náà sí ẹ̀gbẹ́ tí orí irin ti so mọ́ ọ̀pá. Ọwọ́ ni mò ń rò.

Lójoojúmọ́ tó bá ti ibi ìdánrawò dé, mo máa ń béèrè pé, "Ṣé ó dùn ọ́?"

"Rárá, sà."

Ọrùn ọwọ́ náà rọlẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ ìdíje, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ yà sí òsì. Èkejì náà yà sí òsì. Ó kọjú sí apá ọ̀tún kó lè tọ́, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù yà. Kí wọ́n tó dé ihò kẹfà, mo ti mọ ohun tí mo ṣe: ìwúwo tó wà lẹ́bàá ọ̀pá ń jẹ́ kí imú irin, etí tó jìnnà sí ọ̀pá, tètè yí sí òsì. Wọn kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n yàn.

Nínú ọkọ̀, mo bi í pé, "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ kejì."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ń bi mí bóyá ó dùn mí. Ẹ ò bi mí níbi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Tí mo bá sì sọ, ẹ ó ní kí n má lọ mọ́."



Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tú gbogbo rẹ̀, tí mo pín ìwúwo náà dọ́gba sí etí méjèèjì. Ó mú ọ̀kan lọ sí ilẹ̀ ṣíṣófo tó wà lẹ́yìn ilé. Bọ́ọ̀lù lọ tààrà. Ó gbé irin náà ti ògiri.

"Ó ti tọ́ báyìí, Dádì."

Mo mọ ohun tó yẹ kí n béèrè: ṣé yóò tún gbá gọ́ọ̀fù? Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti yára jù mí lọ.

"Ọwọ́ rẹ ńkọ́? Ṣé kò dùn ọ́?"

"Rárá, sà," ó ní, ó sì wọlé.