Ojú Òsì Ojú-ò-parọ́

Títí dòní, ohun tí àdúgbò fi ń rántí Ojú-ò-parọ́ akunlé ni ọjọ́ tó kun yàrá ọ̀gá ilé-ìwé ní búlúù lápá kan, tó kùn ún ní àwọ̀ ewé lápá kejì, tó sì ń búra pé ọ̀dà kan náà ni.

"Gílóòbù yín ló ń tàn yín jẹ, ọ̀gá."

"Bàbá, ọ̀sán gangan la wà yìí. Gílóòbù kankan ò tàn."

"Ẹ wá tàn án nígbà náà, ká lè rí òótọ́!"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, sáré wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń kùn. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, àmọ́ nígbà tó wo bàbá rẹ̀, àyà rẹ̀ já. Eruku ti kó sí bàbá lójú ọ̀tún láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì fi aṣọ dì í. Ojú òsì nìkan ló fi po ọ̀dà tó fi parí ògiri tó ti bẹ̀rẹ̀ lánàá. Bàbá yìí kan náà ló máa ń sọ fún oníbàárà pé funfun ilé wọn ti ń di yẹ́lò, kí àwọn onílé fúnra wọn tó mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, tí ojú ọ̀tún ti bọ̀ sípò, bàbá padà lọ wo ògiri náà. Ó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó ṣí i, ó tún bò ó. Ìyẹn ló dẹ́rù ba ọmọ rẹ̀ jù. Bí ojú yìí bá lọ, kí ló kù nínú bàbá òun?

Bàbá fàáké kọ́rí pé òun ò lọ ilé ìwòsàn kankan. Ọmọ náà gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá ọ̀dà pamọ́. Kí oúnjẹ àárọ̀ tó délẹ̀, bàbá ti ń wá bàtà.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ní kó ka lẹ́tà ara ògiri. Ó fi ojú òsì kà á dé orí èyí tó kéré jù.

"Ṣé ẹ ti rí i? Ẹ jẹ́ ká máa lọ ilé."

"Ẹ fara balẹ̀, bàbá. Ó ku ti àwọ̀."

Ó da àwọn ìdérí kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi sórí tábìlì, ó ní kó tò wọ́n kí àwọ̀ kan máa wọ inú èkejì díẹ̀díẹ̀. Bàbá gbé ọ̀kan, ó fi èékánná ha á.

"Ta ló kun èyí fún yín?"

"A ò mọ̀ ọ́n, bàbá."

"Ẹ má pè é mọ́."

Ojú ọ̀tún tò ó wọ́ọ́rọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì bo ìyẹn, ó wá kan òsì. Ọwọ́ bàbá lọ síwájú, ó fà sẹ́yìn. Búlúù bọ́ sáàárín àwọ̀ ewé. Ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu kó má baà pariwo.

"Ẹ jẹ́ kí n fi méjèèjì tò ó," bàbá ń bẹ nọ́ọ̀sì.

"Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, bàbá."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀kan àbọ̀!"

Nígbà tí dókítà fi ẹ̀rọ yẹ ẹ̀yìn ẹyinjú náà wò, ó ní àìsàn ojú àgbà ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ó ti ba àwọ̀ jẹ́, kò tíì kan lẹ́tà.

"Báwo lẹ ò ṣe tètè fura?"

"Ojú òsì ló máa ń dì tó bá ń wo ọ̀dà," ọmọ náà dáhùn. "Bí ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ojú tó dá ṣáká ló ti ń bo èyí tó ń ṣàìsàn láṣìírí.

"Ẹ ò tíì pẹ́ jù, a ó máa tọ́jú rẹ̀," ni dókítà wí. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí."

"Ta wá ló ń ṣọ́ ojú alákàn?" Bàbá bi í.

"Èmi ni," ni ọmọ rẹ̀ wí.

Ó sì ṣọ́ ọ lóòótọ́. Ó ń bá a lọ sí gbogbo àyẹ̀wò, ó ń gbọ́ gbogbo ìráhùn rẹ̀, bàbá sì ń kunlé lọ títí ara fi kọ iṣẹ́. Nígbà tó wà lórí ibùsùn, tó ku díẹ̀ kó lọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó fi òsì wo ọmọ rẹ̀ dáadáa.

"Aṣọ ọrùn ẹ yìí, búlúù ni àbí àwọ̀ ewé?"

Láti ọjọ́ tí bàbá ti dáyé, kò bi ẹnikẹ́ni ní àwọ̀ rí. Omi lé sí ọmọ náà lójú.

"Búlúù ni, bàbá."

"Mo mọ̀. Ojú tìẹ ni mò ń dán wò."

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ náà lọ ṣe àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí ló da àwọn ìdérí sórí tábìlì fún un. Ó gbé ọ̀kan, kó tó mọ̀, ó ti fi èékánná ha á. Òun àti nọ́ọ̀sì wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó sì pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó gbẹ débi tó fi lè rí àwọ̀ kankan.