Agogo Tí Alàgbà Olúgbádé Dì Lẹ́nu

Pú. Pú. Bí ẹni ń lu tìmùtìmù. Ìró tí àwọn tó ṣe kékeré ládùúgbò wa n'Ìfọ̀ ṣì rántí nìyẹn. Olóògbé Alàgbà Olúgbádé, alágogo ìjọ, ló fi gèlè ìyàwó rẹ̀ wé irin inú agogo ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Pásítọ̀ Adébánjí béèrè ìdí kí Bàbá tó dáhùn. Ó ní Jésù kò kú fún gbogbo ayé, àwọn àyànfẹ́ nìkan ló kú fún. Bó bá kú fún ẹni tó máa ṣègbé, á jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣòfò. Bàbá kò sì fẹ́ràn òfò. Tíì tó bá kù sínú ife rẹ̀, inú fúláàsì ló ń dà á padà sí.

“Àwọn tó kú fún á gbọ́,” ni Bàbá wí. “Ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù sùn.”

Èèyàn méje ló wá. Ìyàwó Pásítọ̀ kò sí lára wọn.

Bàbá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ títí Ìyá Bùrẹ́ímọ̀, ẹlẹ́kọ tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, fi yọjú lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀.

“Alàgbà, kí ló ṣe agogo yín?” Ohùn tó fi ń kiri ọjà ló fi béèrè. “Ó ń wúkọ́ láti àárọ̀.”

“Ṣé ẹ gbọ́ ọ ni?”

“Ketekete. Òun ni mo fi ń mọ ìgbà tí mo máa sọ ìkòkò kalẹ̀.”

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá, tí kì í gbà pé òun jẹ̀bi, ní kí wọ́n wá àga fún un: àyànfẹ́ kẹjọ ti dé.

Nígbà tó ń jẹun lọ́sàn-án, ìyàwó rẹ̀ fẹnu sún mọ́ ọn létí.

“Bàbá Tolú, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ gbọ́ ọ?”

Bàbá dá òkèlè padà sínú abọ́. Ó ti pẹ́ tí etí rẹ̀ ti ń di, tó sì ń fi í pamọ́. Láàárọ̀ yẹn, ó fa okùn títí apá fi ń ro ó, kò gbọ́ nǹkan kan. Nínú òfin tó fúnra rẹ̀ ṣe, Jésù kò kú fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó dìde níwájú ìjọ, kò lè gbójú sókè. Ó ní òun kò yí ìgbàgbọ́ òun padà, àwọn àyànfẹ́ náà ni Jésù kú fún.

“Ṣùgbọ́n n ò mọ̀ wọ́n,” ló wí. “Mo di agogo lẹ́nu mọ́ yín, àfi bíi pé èmi ni mo kú fún yín. Ojú ń tì mí.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà títí tó fi kú lọ́dún tó kọjá, àwọn awakọ̀ tó ń lọ Ìbógùn pàápàá ń ráhùn pé ariwo agogo yẹn pọ̀ jù. Ní gbogbo Sátidé, tí àwọn tó wá gbálẹ̀ bá ti lọ, òun nìkan á dúró, á fi gèlè àtijọ́ yẹn nu agogo náà tinú tẹ̀yìn. Á lù ú lẹ́ẹ̀kan, á wá fi àtẹ́lẹwọ́ lé e lára títí gbígbọ̀n rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, á ká gèlè, á ti ilẹ̀kùn.