Ìyá Bọ́tìnnì àti Ẹni Tó Ń Kànkùn Láti Inú Yàrá

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó ya ojo jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹ má wá a lọ jìnnà, Ìyá Bọ́tìnnì ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń dá ihò bọ́tìnnì sára aṣọ iléèwé. Èmi ni mo máa ń gé aṣọ ọ̀hún, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé aláǹgbá lásán ń lé e gun àga. Obìnrin yìí kan náà ni kì í pa ìtàn ẹ̀rù orí fóònù jẹ.

Ìtàn náà kò ní àwòrán, ohùn lásán ni. Obìnrin kan gba ilé tuntun, yàrá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tì pa, ẹnì kan sì ń kànkùn láti inú rẹ̀. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni apá tuntun máa ń jáde. Bí a bá ti jẹun tán, Ìyá Bọ́tìnnì á gbé àpótí sínú oòrùn gangan, á ki íyápíìsì bọ etí kan, á sì fi èkejì sílẹ̀ kó lè gbọ́ bí nǹkan bá ń bọ̀ lẹ́yìn.

Bàbá Áyọ́ọ̀nù tó ń lọ aṣọ fún wa, eré tẹlifíṣọ̀n ló gbà ní tirẹ̀.

"Ìtàn tójú ò rí, kí lẹ̀rù ibẹ̀?" ni yóò wí. "Kí iwin jáde, kí n mọ ohun tí mò ń sá fún."

"Iwin yín tàná ńkọ́?" ni Ìyá Bọ́tìnnì á dá a lóhùn. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé wọ́n gbàgbé láti fi àtíkè kun etí rẹ̀."

"Ó sàn ju èyí tí ò lójú lọ."

"Tèmi lójú. Inú orí mi ni mo ti yà á, ó sì mọ ilé mi."

Mo bi Ìyá Bọ́tìnnì léèrè pé ta ló fi dandan lé e pé kó máa gbọ́ ọ. Ó ní ọmọ òun ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, nọ́ọ̀sì ni, ó wà nílùú tó jìn, ó sì ti tó ọdún méjì tó ti wá sílé kẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀, bó bá pe ìyá rẹ̀, "Ṣé dáadáa ni?" "Dáadáa ni," ọ̀rọ̀ bùṣe. Àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti jọ ń gbọ́ ìtàn yìí, wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi ń jiyàn lórí ẹni tó wà nínú yàrá. Mo rò ó títí, mi ò rí ẹ̀bi rẹ̀.

Àfi bí ìtàn ṣe parí. Onílé fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, bí Bàbá Áyọ́ọ̀nù ṣe sọ láti ọ̀sẹ̀ kejì láì gbọ́ ọ rí.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ pè. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni mo wà. "Ṣé dáadáa ni?" "Dáadáa ni." Ọ̀rọ̀ tún bùṣe. Mo rí i tí Ìyá Bọ́tìnnì fún ṣẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. Ló bá ní, "Ẹnì kan ń kànkùn nínú yàrá rẹ."

Irọ́ funfun báláú. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni láràárọ̀, pé kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ ń dá yí. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, mo ní, "Ìyá Bọ́tìnnì, ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run?"

"Ó bá mi sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú," ló dá mi lóhùn.

"Bó bá já irọ́ yín ńkọ́?" ni Bàbá Áyọ́ọ̀nù bi í. "Ṣé yóò tún pè yín mọ́?"

Ọjọ́ yẹn ni mo rí ẹ̀rù gidi lójú rẹ̀. Kò gbọ́ ìtàn kankan fún odidi ọjọ́ méjì.

Ní Sátidé, ọmọ gbé báàgì wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó kúnlẹ̀ kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ̀ dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. "Ó, ó ti dákẹ́ látàná."

"Màmá, apá kẹrin ìtàn wa nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta láràárọ̀, kọ́kọ́rọ́ ń dá yí. Ẹ ò tiẹ̀ yí i padà."

"O mọ̀, o sì wá?"

"Ẹ fi iwin sínú yàrá mi torí kẹ́ ẹ lè rí mi bá sọ̀rọ̀. Kí ni mo tún fẹ́ dúró gbọ́?"

Bàbá Áyọ́ọ̀nù kọjú sí aṣọ tó ti lọ̀ tán, ó tún un lọ̀. Ìyá Bọ́tìnnì jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mi ò tíì gbá yàrá náà o," ló wí. "Látọjọ́ tó o ti lọ, mi ò lè ṣí i."