Ta Ló Ní Kí Màmá Àgbà Má Lo Oògùn Mọ́?

Màmá àgbà mi kọ̀, wọn ò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn láàárọ̀ yìí.

Wọ́n ní omi ewúro nìkan ti tó, pé Wasaapu ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ta ló fi ránṣẹ́ sí yín?"

"Àǹtí ẹ Sìkírá ni, ní Kọ́bapẹ́. Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ṣé ọmọ tí mo bí á purọ́ fún mi ni?"

Mo pe Àǹtí, mo gbé ohùn fóònù sókè kí Màmá lè gbọ́.

"Ṣebí Màámi ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Jímọ̀! Èmi náà wá fi ṣọwọ́ sí gbogbo ẹbí. Látìgbà náà ni mo ti pa oògùn tèmi tì."

Màmá lanu. "Èmi kẹ̀? Mi ò tiẹ̀ kà á nígbà yẹn. Bísímílàhì ni mo rí lókè, mo bá fi ṣọwọ́ kó má baà dúró sọ́wọ́ mi."



Ni Màmá bá pariwo sínú fóònù: "Sìkírá! Dìde, lọ lo oògùn ẹ!"

Wọ́n wá yíjú sí mi: "Bu omi wá."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni àwọn ìyá tiyín ti fi ránṣẹ́ láìkà?