Àga tí Káfíńtà Gbé Lọ sí Ọ́fíìsì Ìjọba

Ẹni tó ń ṣe àga fún gbogbo ìlú, òun gan-an kì í jókòó. Bí kò bá rẹ́ igi, á máa fá a. Bí kò bá fá a, á máa yí ṣọ́ọ̀bù ká bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Lọ́sẹ̀ yẹn ló tún wá burú jù, torí iṣẹ́ àga iléèwé ìjọba ti jáde. Bí kò bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ṣọ́ọ̀bù á di títì pa.

Tẹ́lẹ̀, àga kan ni káfíńtà máa ń gbé lé èjìká lọ bá ọ̀gá tó ń ra nǹkan fún ìjọba. Ọ̀gá á jókòó, á mì ín síwá sẹ́yìn, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ní báyìí, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ya fọ́tò àga, tó fi iye tí wọ́n máa gbà ránṣẹ́, tó sì ka òfin sí i létí.

"Bàbá, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ yọjú sí ọ́fíìsì àwọn títí èsì á fi jáde."

"Mo ti gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́, ara ni kò gbà á. Ó fá ẹsẹ̀ àga kan títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tín-ín-rín bí igi ìṣáná.

"Fọ́tò ò ṣeé jókòó lé," ló ń sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Ta ló tiẹ̀ mọ̀ bóyá ó débẹ̀?"

"Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bàbá ọmọ mi, ẹ jókòó, òòyì ń kọ́ mi!"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé àga lé èjìká. Ṣé ẹnì kan á fẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ ẹni, kéèyàn má lọ kí i? Àrífín gbáà nìyẹn lójú tirẹ̀.

Ọ̀gá bá a lẹ́nu géètì ọ́fíìsì. Kò jókòó, kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, kí lẹ wá ṣe? Kámẹ́rà ń wò wá o!"

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ní kí n yà kí yín ni."

"Ẹ̀yin lẹ wà lókè nínú gbogbo wọn. Ọ̀sán òní la fẹ́ kéde yín. Mo ní láti yọ yín báyìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tèmi náà á lọ."

Ọ̀nà ilé gùn lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó wọlé, fóònù wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, omi sì ti lé sí i lójú.

"Bàbá, wọ́n ti yọ wá. Ṣé ẹ lọ síbẹ̀ ni?"

Ó sọ àga kalẹ̀, ó sì jókòó lé e. Àga náà ò mì rárá.

"Mo kàn lọ kí wọn ni."