Ìyá Akọrin àti Adé Ayaba

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó fún mi ní sùúrù, nítorí ìyá akọrin ìjọ wa ní Òkè-Àró fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la dìbò pé kí Títí, ọmọ télọ̀, ṣe ayaba nínú eré olórin wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni màmá bọ́ awò ojú wọn: "Ẹ jẹ́ ká tún gbàdúrà sí i." Ọmọ àbúrò wọn ni wọ́n fẹ́.

Mo ní, "Màmá, Olúwa ti gbọ́ àdúrà tàná o!"

Wọ́n ti dijú. Ó rẹ̀ wá, a gbà fún wọn.

Lọ́jọ́ eré, ọmọ náà gbàgbé orin pátápátá. Màmá bọ́ awò ojú: "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà!" Gbogbo ìjọ dijú. Ká tó ṣe àmín, màmá ti fọwọ́ ara wọn dé Títí ládé.

Ẹ̀yin tó ń kà á, Olúwa á tètè fi yín sí ipò yín.