Ìkúnlẹ̀ Ìyá Mi Níwájú Àbúrò Bàbá Mi

Ọ̀rọ̀ ìṣe kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin èmi àtàwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní kíláàsì ní Adó: awe. Bí mo bá ní kí wọ́n sọ ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n á ní ó túmọ̀ sí kéèyàn dẹ́rù bani. Mo máa ń fagi lé e. Ajá lè dẹ́rù bani, ọlọ́kadà tó ń sáré àsápajúdé lè dẹ́rù bani, kò sẹ́ni tó máa bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹni tí wọ́n bá lo ọ̀rọ̀ yìí fún, jìnnìjìnnì rẹ̀ á bo èèyàn, ọ̀wọ̀ á sì wà nínú jìnnìjìnnì náà. Tí ọ̀wọ̀ ò bá sí níbẹ̀, ìhàlẹ̀ lásán ni.

Ara àbúrò bàbá mi ni mo ti kọ́ ìyàtọ̀ yẹn, mi ò sì ní purọ́: mi ò fẹ́ràn ọkùnrin náà rárá. Ó ti pẹ́ nílùú òyìnbó. Ìgbà tí bàbá mi kú ló tó rántí ilé, ó ní òun fẹ́ ta ilẹ̀ tí ìyá mi fi ń dá oko ìrẹsì ní Igbemo. Bàbá mi ni ẹbí pín ilẹ̀ yẹn fún. Òun ni ìyá mi fi ń jẹun, òun náà ló fi rán mi níléèwé.

Ọjọ́ Sátidé kan ló dé, pẹ̀lú mọ́tò dúdú ńlá, ó wọ ẹ̀wù kóòtù nínú oòrùn. Èmi ti wà nílé ìyá mi láti àárọ̀, torí ó ti pè mí. Kó tó jókòó, ìyá mi ti kúnlẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi.” Wọ́n ti bí i sílé kí ìyá mi tó wọlé ọkọ, nítorí náà ọkọ rẹ̀ ni, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó tó ọmọ tó lè bí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, inú ṣì bí mi. Ọkùnrin náà wo orúnkún arúgbó yẹn nílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lójú tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Gẹ̀ẹ́sì ló wá ń sọ sí obìnrin tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí n máa túmọ̀. Ó gbọ́ Èkìtì o. Òun ló fi bú dẹ́rẹ́bà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níṣẹ̀ẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní katakata máa wọ oko lọ́jọ́ Ajé, kí ìyá mi yáa lọ kó ohun tó bá jẹ́ tirẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Ìyá mi tún kúnlẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ ni, mo sì fẹ́ fà á dìde.

“Ọkọ mi, mo gbọ́,” ó wí. “Ulẹ̀ yẹn, mi ò ní fún un yín. Bí katakata bá dé, wọ́n á bá mi láàrin ìrẹsì.”

Àbúrò bàbá mi kọjú sí mi, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé kí lobìnrin náà wí.

“Má wulẹ̀ túmọ̀ rẹ̀,” ìyá mi sọ fún mi. “Ẹ̀yìn mi yìí ni mo pọ̀n wọ́n sí. Wọ́n gbọ́ mi.”

Ìyá mi dìde, ó lọ bu ìrẹsì wá fún àbúrò bàbá mi, bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe fún ọkọ. Ọkùnrin náà ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mọ́tò rẹ̀ lọ tán, èmi ni mo jẹ ẹ́, tìbínútìbínú.

Mi ò lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ Ajé. Èmi àti ìyá mi la jọ dúró láàrin oko láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, a ò sì rí katakata kankan.